Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Ohun Tí Apá Ìyá Kò Ká

 

Ìbéèrè méjì ni àwọn òbí sábà máa ń bi ara wọn, ó sì yẹ kí a dáhùn wọn ní gbangba. Èkíní ni èyí: ìwé tí àwọn ọmọ ń gbé bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́, èyí tí ó ń sọ nípa ipá, àti ìwọ̀n ara nǹkan, àti eré sísá, àǹfààní wo ni ó ní fún ilé tí kò sí ẹnjiníà nínú rẹ̀? Èkejì ni èyí: kí ni ṣe tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó fi ń dá ìyá dúró nítorí pé ó gbé ọmọ rẹ̀ lé itan ní iwájú mọ́tò? Ibo ni ọmọ wà tí ó dára ju àyà ìyá rẹ̀ lọ?

Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ọ̀kan náà ni ìbéèrè méjèèjì, nítorí pé ìwé ọmọ ni ó mú ìdáhùn sí ìbéèrè ìyá dání. A bẹ̀ yín kí ẹ fi sùúrù bá wa lọ. Kò sí ìṣirò kan nínú ọ̀rọ̀ yìí tí ẹni tí ń tajà lọ́jà kò lè ṣe lórí ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni ìwé náà fi ń kọ́ àwọn ọmọ. Ohun kìn-ín-ní ni ipá. Ipá kò ju títì tàbí fífà lọ. Ẹni tí ń fa omi nínú kànga ń lo ipá. Ẹni tí ń ti kẹ̀kẹ́ ń lo ipá. Ilẹ̀ pàápàá ní ipá tirẹ̀, òun ni ó ń fa máńgòrò láti orí igi wá sí ìsàlẹ̀.

Ohun kejì ni ìwọ̀n ara, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi pe ìwúwo, ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìwúwo. Ẹ wo ọkọ̀ ojú omi ní etí ọ̀sà. Nígbà tí ó ṣófo, ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tì í kúrò ní èbúté, yóò sì yọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ti kó yanrìn kún inú rẹ̀, ọkùnrin méjì yóò làágùn kí ó tó mira, bẹ́ẹ̀ ni omi ni ó gbé e, kì í ṣe orí àwọn ni wọ́n rù ú lé. Bí ó bá sì ti ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀ àti òpó èbúté láti dá a dúró, nítorí pé yóò rún un ní ìka. Agídí yìí, tí nǹkan fi ń kọ̀ láti mira bí ó bá dúró, tí ó sì fi ń kọ̀ láti dúró bí ó bá ń lọ, òun ni ìwé ọmọ ń sọ nígbà tí ó bá sọ ìwọ̀n ara. Kílò ni a fi ń kà á. Ìwúwo ní tirẹ̀ jẹ́ ipá tí ilẹ̀ fi ń fa ara náà sí ìsàlẹ̀. Bí a bá gbé àpò sìmẹ́ǹtì kan dé inú òṣùpá, ìwúwo rẹ̀ yóò dín kù di ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí ó jẹ́ níhìn-ín, ṣùgbọ́n agídí rẹ̀ kò ní dín rárá.

Ohun kẹta ni ìyípadà eré. Kì í ṣe eré fúnra rẹ̀, bí kò ṣe bí eré náà ṣe ń pọ̀ sí i tàbí bí ó ṣe ń dín kù kánkán tó. Mọ́tò tí ń sáré lọ geere láì yára sí i, láì sì dẹwọ́, kò ní ìyípadà eré kankan, bí eré rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì ni ìyípadà bẹ̀rẹ̀, nígbà náà ni ara èrò inú ọkọ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n.

Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Yúróòpù fi gbà gbọ́, gẹ́gẹ́ bí Aristotle ará Gíríìkì ti kọ́ni, pé nǹkan kì í lọ bí kò bá sí ohun tí ń tì í. Bí títì bá tán, lílọ tán. Ọ̀pọ̀ nínú wa ṣì rò bẹ́ẹ̀ títí di òní. Galileo, ará Ítálì, ni ó mú kí àwọn ènìyàn tún ọ̀ràn náà wò. Ó yí bọ́ọ̀lù sísàlẹ̀ lórí pákó tí a dagun, ó sì ka àkókò rẹ̀. Ìwé rẹ̀ lórí ọ̀ràn náà jáde ní ọdún 1638. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Isaac Newton dé, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní abúlé Woolsthorpe ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1642 gẹ́gẹ́ bí kàlẹ́ńdà tí ilẹ̀ náà ń lò nígbà náà. Bàbá rẹ̀ ti kú kí a tó bí i. Ó di ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, ó sì ń ka Bíbélì gidigidi, tó bẹ́ẹ̀ tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí Ìwé Mímọ́ pọ̀ jọjọ. Ní ọdún 1687 ni ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní èdè Látìn, nínú èyí tí ó fi òfin mẹ́ta lélẹ̀ nípa bí nǹkan gbogbo ṣe ń lọ.

Òfin kìn-ín-ní wí pé ohun tí ó dúró yóò máa dúró, ohun tí ń lọ yóò sì máa lọ ní ọ̀gbọọrọ pẹ̀lú eré kan náà, àfi bí ipá kan bá dá a lẹ́kun. Òfin kejì ni ó kan ọ̀rọ̀ wa jù lọ lónìí. Bí a bá sọ ipá di ìlọ́po méjì lórí ohun kan náà, ìyípadà eré rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ ìwọ̀n ara di ìlọ́po méjì tí ipá kò sì yí padà, ìyípadà eré yóò di ìdajì. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ ní kúkúrú báyìí: F = ma. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ẹ bá mọ iye kílò nǹkan, tí ẹ sì mọ bí eré rẹ̀ ṣe yí padà tó ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, ẹ fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀, ẹ ó sì mọ ipá tí ó ṣe é. Orúkọ Newton yìí ni a fi sọ ìwọ̀n ipá: ní ọdún 1948 ni àpéjọ àwọn orílẹ̀-èdè lórí ìdíwọ̀n fi ọwọ́ sí i. Ẹni tí ó bá gbé ohun tí ó jẹ́ kílò 1 dání ń lo ipá tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó newton 10 láti má ṣe jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ inú mọ́tò. Ẹ ti rí i nínú dánfó pé bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì, gbogbo èrò a tẹ̀ síwájú. Wọn a máa wí pé bíréèkì ni ó ti àwọn síwájú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tì wọ́n. Mọ́tò ni bíréèkì mú. Ara èrò kò mọ̀ nípa bíréèkì, ó ń bá eré rẹ̀ àtẹ̀yìnwá lọ, títí di ìgbà tí àga iwájú, tàbí ọwọ́ tí ó di irin mú, tàbí bẹ́líìtì, bá fún un ní ipá tí yóò dá a dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé.

Ẹ wá mú ọmọ ọwọ́ kan tí ó jẹ́ kílò 10, tí ìyá rẹ̀ gbé lé itan. Mọ́tò ń lọ ní kìlómítà 54 ní wákàtí kan. Eré yìí kò pọ̀ lójú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó jẹ́ mítà 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, tí ọkọ̀ sì gba ìṣẹ́jú àáyá 3 kí ó tó dúró, eré dín kù ní mítà 5 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú kílò 10: newton 50 ni ó jẹ́. Èyí dà bí ẹni pé ohun tí ó jẹ́ kílò 5 ń fa ọmọ náà kúrò lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ìyá yóò gbá ọmọ mọ́ra, yóò sì dì í mú. Èyí ti ṣẹlẹ̀ sí i nígbà púpọ̀, ó sì ti bọ́ nínú rẹ̀ láì fara pa. Ìdí nìyí tí ó fi gbẹ́kẹ̀ lé apá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé tírélà kan ni ó dúró sí ojú ọ̀nà láìtan iná, tí mọ́tò náà sì lọ kọ lù ú, ìyẹn kì í gba ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹ jẹ́ kí a kà á sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí ó kéré ju ìṣẹ́jú lọ, tí kò tó kí ènìyàn pe orúkọ Jésù. Mítà 15 eré ni ó gbọ́dọ̀ tán láàárín àkókò náà, nítorí náà ìyípadà rẹ̀ jẹ́ 150. Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú kílò 10 kan náà: newton 1,500. Ìwúwo kílò 150 nìyí, èyí tí í ṣe àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ́nà kan. Ta ni ìyá náà tí a lè ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta sí lójijì, tí yóò fi apá méjèèjì dì wọ́n mú? Ọmọ kan náà ni, apá kan náà ni, eré kan náà ni. Àkókò nìkan ni ó yàtọ̀, ó sì sọ ipá di ìlọ́po 30.

A kò tíì sọ ti ìyá fúnra rẹ̀. Bí òun náà kò bá de bẹ́líìtì, tí ó sì jẹ́ kílò 60, ara rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn ọmọ pẹ̀lú ipá newton 9,000, ọmọ ni ó sì wà láàárín òun àti iwájú mọ́tò. Àwọn ìyá mìíràn a sì máa fi bẹ́líìtì kan ṣoṣo yí ara wọn àti ọmọ ká. Ìfẹ́ ni ó mú wọn ṣe é, ṣùgbọ́n ewu ńlá ni, nítorí pé gbogbo ara ìyá ni yóò fún ọmọ mọ́ bẹ́líìtì náà. Ìfẹ́ ìyá kò ní ààlà, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ní.

Àwọn baba wa ti wí pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí bá òfin Newton mu rẹ́gí. Ẹni tí a ju ẹyin sí tí ó fẹ́ kí ó má fọ́ a máa fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹyin ti ń bọ̀. Ó fi àkókò kún dídúró rẹ̀, ipá sì dín kù. Iṣẹ́ tí bẹ́líìtì ń ṣe nìyí. Ó mú ara ènìyàn mọ́ ara ọkọ̀ kí ó lè jẹ́ pé bí iwájú mọ́tò ti ń rún wọlé díẹ̀díẹ̀ ni ara ń dúró díẹ̀díẹ̀. Òun náà a sì máa fà díẹ̀. Ó tún pín ipá náà sórí egungun èjìká, àyà àti ìbàdí, àwọn ibi tí ó lágbára. Nils Bohlin, ẹnjiníà ará Sweden, ni ó ṣe irú èyí tí ó kọjá lórí èjìká àti ìbàdí pọ̀ fún ilé-iṣẹ́ Volvo ní ọdún 1959.

Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ara rẹ̀ wádìí iye ipá tí ara ènìyàn lè gbà? John Paul Stapp ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà ni, ní ọdún 1910 ni a sì bí i ní Salvador ti Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, ìlú kan náà tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lẹ́rú lọ. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́, ọmọ ìbátan rẹ̀ kékeré kan jóná; ó wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀ títí ọmọ náà fi kú, láti ìgbà náà ni ó sì ti pinnu láti di oníṣègùn. Ó di oníṣègùn nínú ẹgbẹ́ ọmọ-ogun òfuurufú Amẹ́ríkà. Láti ọdún 1947 ni ó ti ń gun ọkọ̀ kan tí ń yọ̀ lórí irin bíi ti rélùwéè, tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń tì láti ẹ̀yìn, kí ó lè mọ ohun tí dídúró lójijì ń ṣe sí ara. Ó ṣẹ́ ní egungun ìhà àti ní ọrùn ọwọ́ níbi iṣẹ́ náà, kò dẹ́kun.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1954, ní Holloman ní New Mexico, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ àga, wọ́n sì tan rọ́kẹ́ẹ̀tì. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5, eré rẹ̀ ti dé nǹkan bíi kìlómítà 1,017 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn náà ni omi tí ó wà láàárín irin gba ọkọ̀ náà dúró láàárín ìṣẹ́jú àáyá 1.4 péré. Àwọn ọmọ lè ṣírò rẹ̀: mítà 282 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí a pín sí 1.4, ó lé ní 200. Ipá tí ó wà lára rẹ̀ ju ìwúwo rẹ̀ lọ ní ìlọ́po 20. Nígbà tí ó le jù, ó ju ìlọ́po 46 lọ. Ẹ̀jẹ̀ dà sí ojú rẹ̀, kò sì ríran fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là padà, ó sì yè títí di ọdún 1999, ní ẹni ọdún 89. Bẹ́líìtì ni ó gbà á là.

Ọkùnrin yìí ṣàkíyèsí pé àwọn awakọ̀ òfuurufú tí ń kú nínú mọ́tò lójú pópó pọ̀ ju àwọn tí ń kú nínú bàálù lọ. Ó wá sọ ọ́ di iṣẹ́ rẹ̀ láti máa bẹ ìjọba àti àwọn tí ń ṣe mọ́tò pé kí wọ́n fi bẹ́líìtì sínú ọkọ̀. Ní ọdún 1966 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fi ọwọ́ sí òfin ààbò mọ́tò ní Amẹ́ríkà. Ní Nàìjíríà níhìn-ín, ọdún 1988 ni a dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù nípa ẹrù. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé mọ́tò kan jẹ́ kílò 1,000, tí agbára bíréèkì rẹ̀ kò sì ju newton 5,000 lọ. Bí ó bá ń lọ ní kìlómítà 36 ní wákàtí kan, yóò dúró láàárín mítà 10. Bí a bá di ẹrù àti èrò sínú rẹ̀ títí ó fi di kílò 2,000, tí bíréèkì kò sì lè ṣe ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, yóò di mítà 20. Bí awakọ̀ bá tún sọ eré di ìlọ́po méjì, kò ní jẹ́ mítà 40 bí ẹ ti lè rò, mítà 80 ni, nítorí pé eré tí ó di ìlọ́po méjì ń sọ ọ̀nà dídúró di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá rí ọkọ̀ tí a di ẹrù dé òrùlé, tí ó sì ń sáré, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ nítorí pé owó rẹ̀ dín. Igi gànnàgànnà má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Àwọn kan yóò wí pé Ọlọ́run ni ń ṣọ́ni, kì í ṣe bẹ́líìtì. Òtítọ́ ni pé Ọlọ́run ni ń ṣọ́ni. Ṣùgbọ́n Ẹni tí ó dá wa ni ó dá òfin yìí pẹ̀lú, Newton rí i ni, kò dá a. Olúwa wa fúnra rẹ̀ kọ̀ láti fò sílẹ̀ láti orí ṣóńṣó tẹ́ńpìlì nígbà tí a dán an wò. Ẹni tí ó gbàdúrà ìrìn-àjò tí ó sì kọ̀ láti de bẹ́líìtì, kí ni ó ń ṣe bí kò ṣe pé ó ń fò láti orí ṣóńṣó kan náà?

Ìmọ̀ràn wa kò pọ̀, ó sì wà ní agbára ilé púpọ̀. Èkíní, kí ọmọ má ṣe jókòó ní iwájú, kí a má sì ṣe gbé e lé itan níbẹ̀. Èkejì, ilé tí ó ní mọ́tò, kí ó ra àga ọmọ kí ó tó ra ohun ọ̀ṣọ́ mọ́tò. Kí ọmọ ọwọ́ kọ ojú sí ẹ̀yìn nínú rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò gba ipá náà, kì í ṣe ọrùn rẹ̀ tí kò tíì le. Ẹ̀kẹta, kí àgbà tí ó wà ní ẹ̀yìn de bẹ́líìtì bí ti iwájú, nítorí pé ara rẹ̀ lè pa ẹni tí ó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, kí a má ṣe kó ẹrù sí ẹ̀yìn orí àwọn ọmọ. Iṣu kan tí ó jẹ́ kílò 3 yóò di newton 450 nínú ìkọlù tí a sọ lókè yìí, bí ẹni pé kílò 45 já lù wọ́n ní orí. Ẹ̀karùn-ún, ẹni tí ó wọ ọkọ̀ èrò tí kò ní bẹ́líìtì, ẹnu rẹ̀ kò dè: kí ó fi ọ̀wọ̀ bẹ awakọ̀ pé kí ó dẹwọ́ eré. Kì í ṣe ojo ni ẹni tí ó sọ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ tó pa ìwé yìí dé, ẹ pe ọmọ yín tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, kí ẹ fún un ní ìṣirò yìí. Ọmọ kílò 25 kan wà nínú mọ́tò tí ń lọ ní kìlómítà 72 ní wákàtí kan. Ọkọ̀ náà kọ lu ògiri, ó sì dúró láàárín ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ni ipá náà jẹ́? Bí ó bá dáhùn pé 10, ẹ yìn ín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ibi tí àbúrò rẹ̀ yóò jókòó sí ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ilé ìsìn.

Kí Olúwa kó gbogbo wa re ilé, kí ó sì kó wa bọ̀ ní àlàáfíà.